Ẹ jẹ́ kó lọ Ìkẹ́rẹ́

Mà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ kí n tó dáhùn, torí ó dà bí ẹni pé ẹ̀yin àti màmá mi ni ẹ jọ jókòó kọ ọ́. Ọmọkùnrin yín jẹ́ ọmọ ọdún 14, ó ń fun trumpet ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ti ní òun ni yóò dá fun orin kan lọ́jọ́ ìkórè. Àyà ọmọ ń já. Kọ́ńsáàtì kan máa wáyé ní Ìkẹ́rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà, ó bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí òun lọ, bàbá rẹ̀ sì fàáké kọ́rí: kò sówó ọkọ̀ fún ìranù, ẹni tí ọbẹ̀ tirẹ̀ wà lórí iná kì í lọ ṣí ìkòkò aládùúgbò wò, kó jókòó sílé kó máa kọ́ tirẹ̀.

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún bàbá, ẹ jẹ́ kó lọ. Jíjókòó sílé kọ́ tèmi ni mo ṣe nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 13. Mo ti lé ní 20 ọdún báyìí, mo sì ń fi fèrè jẹun díẹ̀díẹ̀, síbẹ̀ bí wọ́n bá dá orin ọjọ́ náà níbi tí mo bá wà, etí mi máa ń gbóná.

Ní Adó ni. Bọ́ìsì Brigéèdì ṣọ́ọ̀ṣì wa ní fèrè 3 fún àwa ọmọ 11. Tòkunbọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pisitọ́ọ̀nù (irin tí ìka ń tẹ̀) kejì èyí tó kàn mí sì máa ń há. Ẹ̀gbọ́n kan nínú béńdì ní ká máa fi òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí i. (Kí ọmọ yín má dán an wò o. Yóò yọ̀ dáadáa fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn ìyẹn á dì bí oje igi.) Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi fun orin yẹn lẹ́yìnkùlé wa, lábẹ́ igi máńgòrò, láti ìgbà tí mo bá ti ti ilé ìwé dé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Inú ìwé àwọn akọrin ni mo ti wò ó, mo kọ́ ọ títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. Àǹtí mi kọ́kọ́ ní ariwo mi ò jẹ́ kí ewúrẹ́ òun fẹ́ wọlé mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, òun náà ti ń jó sí i nídìí ààrò. Orin náà dùn, mi ò purọ́. Ẹ̀rù ò tilẹ̀ bà mí lọ́jọ́ ìkórè. Mo wọ aṣọ funfun, mo ki ẹ̀wù bọ ṣòkòtò, mo jáde síwájú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè.

Onídùùrù lu ìbẹ̀rẹ̀ orin. Mo gbé fèrè sẹ́nu.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nìyí: trumpet tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa ń fun, B-flat ni (orúkọ ohùn orin ni àwọn lẹ́tà wọ̀nyí). Ohun tí ìwé bá pè ní C, bí ẹ bá fun ún, B-flat ni etí máa gbọ́. Gbogbo ohùn rẹ̀ ló fi odindi ohùn kan rẹlẹ̀ sí ti dùùrù. Bí dùùrù bá wà ní F, afunfèrè ní láti lọ dúró sí G kí àwọn méjèèjì tó pàdé. F ló wà nínú ìwé akọrin tí mo fi kọ́ tèmi, F ni mo fun, E-flat ló jáde. Ẹ ti rí i rí kí ẹni méjì jọ máa gún iyán nínú odó kan, kí wọ́n má bára wọn mu, kí ọmọ odó máa kọlura? Bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo rò pé mi ò fun ún sókè tó ni, mo bá tún fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí i. Onídùùrù, ẹni jẹ́jẹ́, rò pé òun lòun ṣì í, ó sá lọ síbòmíràn. Ìgbà yẹn gan-an lèmi náà kúrò níbi tí mo wà láti lọ bá a. A pàdé lọ́nà, a kọjá ara wa.

Bàbá kan láàárín ìjọ ké “Halelúyà!” láti fi bo àṣírí mi. Àwọn ọmọdé ò bo nǹkan kan ní tiwọn. Nígbà tó di ẹsẹ kejì mo dákẹ́, mo padà síbi tí mo jókòó sí, mo fi ẹsẹ̀ ti fèrè sábẹ́ bẹ́ńṣì. Iyán ni wọ́n gún nílé lọ́jọ́ náà, iyán iṣu tuntun, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹran ìgbẹ́. Mi ò lè jẹ ẹ́. Ọmọ Èkìtì tí ò lè jẹ iyán, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ eegun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ èyí fún bàbá: kì í ṣe pé mi ò kọ́ ọ. Kò sí dùùrù lábẹ́ igi máńgòrò ni. Mi ò sì tíì jókòó rí láyé mi kí n wo bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ń bá dùùrù ṣe é.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ọ̀gá béńdì wa wọ́ èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan lọ sí àṣálẹ́ orin kan, ní Ìkẹ́rẹ́ yìí kan náà. Mi ò fẹ́ lọ. Mo ti sọ fún màmá mi pé mi ò fun nǹkan kan mọ́. Ọ̀gá ra àkàrà fún wa ní gáréèjì láti fi tù mí lójú, mo jẹ àkàrà, mi ò dá a lóhùn. Bí àpáta Olósùnta ṣe ń yọ lókèèrè, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé mo máa sùn lórí ìjókòó tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀.

Afunfèrè ọjọ́ náà jẹ́ bàbá kan tó wọ agbádá, tó fi awò ojú sí ṣóńṣó imú. Ètò kò tíì bẹ̀rẹ̀. Àwọn èrò ń wá àga, àwọn tó ń fi èèyàn jókòó ń pariwo “ẹ sún mọ́ra, ẹ sún mọ́ra”, ọmọ ọwọ́ kan ń ké. Láàárín gbogbo ìyẹn ni bàbá yìí rọra lọ bẹ̀rẹ̀ létí onídùùrù, ó sọ nǹkan kan fún un. Onídùùrù tẹ ohùn kan ṣoṣo. Bàbá fun ohùn náà, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tí ò fẹ́ jí ọmọ. Ó mi orí. Ó fa irin kan níwájú fèrè jáde díẹ̀, kò ju ìbú èékánná lọ. Onídùùrù tún tẹ̀ ẹ́, bàbá tún fun ún. Ohùn ti bá mu, bàbá padà lọ jókòó.

Kò ju bí ìṣẹ́jú kan lọ. Mi ò rò pé ẹlòmíràn kan kíyè sí i nínú ilé yẹn. Èmi? Ṣe ni mo di àga iwájú mi mú. Ṣé ẹ rí i pé wọ́n máa ń béèrè! Àṣé èèyàn lè dìde lọ bá onídùùrù kó ní “ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lóhùn”, kí ayé má sì parí.

Mi ò sùn mọ́. Mo ń ṣọ́ bàbá yẹn bí ẹni tó ń ṣọ́ olè. Kò fun ju bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ ní gbogbo alẹ́ náà, tó sì jẹ́ pé èrò tèmi tẹ́lẹ̀ ni pé bí o kò bá máa fun un lọ láìdákẹ́, wọ́n á ní o kò mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí kò bá fun, ìka rẹ̀ ń tẹ itan lábẹ́ agbádá: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, ó ń ka ìgbà tó máa wọlé. Kò gbé fèrè sílẹ̀ẹ́lẹ̀ rárá. Inú agbádá, láyà, ló gbé e sí, bí ìyá tó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá. Bó bá kù díẹ̀ kó wọlé, á fẹ́ atẹ́gùn wọ inú rẹ̀ láìmú ohùn kankan jáde. Á tẹ ibi tí omi ti ń jáde, á dà á sínú áńkáṣíìfù, kò dà á sórí kápẹ́ẹ̀tì oníkápẹ́ẹ̀tì bí àwa ti ń ṣe ní Adó.

Lẹ́yìn náà ló wá ṣì í. Ohùn òkè kan, tí gbogbo orin ti ń gun òkè lọ bá, já mọ́ ọn lẹ́nu, ó dún kẹ̀, bí àkùkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kíkọ. Mo wo ojú bàbá. Kò yí. Kò wolẹ̀, kò wo fèrè bí ẹni tí fèrè ṣẹ̀. Ohùn tó tẹ̀lé e jáde ketekete. Ìyá tó jókòó tì mí mi orí, ó ní, “Èyí mà dùn o.” Kò gbọ́ ọ! Tàbí ó gbọ́ ọ, ojú bàbá ló ní kó má kà á sí. Ní tèmi, ohùn tó já yẹn ni mo bá lọ sílé. Ó yé mi wàyí pé ohun tó pa mí lọ́jọ́ ìkórè kì í ṣe àṣìṣe, ìdádúró ni.

Mi ò lè sọ gbogbo kọ́ńsáàtì tí mo ti lọ látìgbà náà, ṣùgbọ́n ohun tí mo kó ní Ìkẹ́rẹ́ ti gbà mí níbi tó ju mẹ́ta lọ.

Ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, a lọ fun orin Kérésì. Ẹ mọ òtútù Ẹ̀fọ̀n láàárín àwọn òkè yẹn nígbà ọyẹ́, ètè èèyàn á bó bí èèpo iṣu. Bíbélì kíkà mẹ́sàn-án ló wà nínú ètò náà, orin kan lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ mi gbé fèrè tirẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì láàárín ìkẹta sí ìkẹfà. Èmi gbé tèmi sábẹ́ aṣọ akọrin, mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Nígbà tí a dìde, tirẹ̀ ti rẹlẹ̀ sí ti dùùrù débi pé ọ̀gá akọrin yí ojú padà. Bẹ́ẹ̀ ni fèrè ṣe rí: bí atẹ́gùn inú rẹ̀ bá tutù, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, bó bá gbóná, á gòkè. Kíbọ́ọ̀dù ò mọ òtútù, kò mọ ooru, ibi tó wà náà ló máa wà. (Fún ètè, òrí ni, òrí gidi. Alẹ́ kó tó sùn ni kó fi pa á. Bó bá fi pa á nígbà tó kù díẹ̀ kó fun, ẹnu rẹ̀ á máa yọ̀ lórí irin.)

Ní Adó, nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan, iná lọ láàárín orin. Kíbọ́ọ̀dù kú, máíkì kú, òkùnkùn biribiri. Àwọn akọrin bí ogójì ò dákẹ́. Ọ̀gá akọrin ń fi ẹsẹ̀ lulẹ̀ kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n wà, àwọn èèyàn sì ń tan iná fóònù. Èmi ò tíì wọlé, mo ń fi ìka tẹ itan. Ìgbà tó ku bí ẹsẹ kan, mo gbọ́ ọ pé ohùn wọn ti wálẹ̀ díẹ̀, torí ẹgbẹ́ akọrin tí ò bá ní ohun èlò tó dì wọ́n mú máa ń rẹlẹ̀ lọ láìmọ̀. Mo fa irin iwájú fèrè jáde, mo fun ohùn kan fẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí wọ́n ti ń pariwo jù, kò bá mu, mo tún fà á, ó wá bá mu. Mo wọlé. Láàárín ìgbà yẹn jẹnẹrétọ̀ dún, iná dé, gbogbo gbọ̀ngàn hó yè! Ohun tó dára jù tí onídùùrù ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà ni pé kò lù ú. Ó káwọ́ gbera títí orin fi parí. Ibi tí kíbọ́ọ̀dù wà àti ibi tí àwa ti wálẹ̀ dé ò jọ papọ̀ mọ́, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Títí di òní ni mo máa ń kí ọ̀gbẹ́ni yẹn pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ bí a bá pàdé, ó sì ń rò pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Èkó náà, mo dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, MUSON, gbọ̀ngàn orin ní Oníkan. Ẹ̀gbọ́n mi ló sanwó. Gbogbo òṣèré jókòó, ilé pa lọ́lọ́, ẹni tó ń fun oboe, fèrè onígi kan, fa ohùn kan gbọọrọ, A, èyí tó ń gbọ̀n ní ìgbà 440 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, gbogbo àwọn tó kù sì ń tò mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, olókùn, onífèrè. Mo rò pé orin àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìgbúnwọ́ gún mi. Ṣùgbọ́n inú mi dùn ju ìtìjú lọ, torí ohun tí bàbá Ìkẹ́rẹ́ lọ sọ létí onídùùrù náà ni àwọn wọ̀nyí ń ṣe ní gbangba yìí, tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ètò. Ìyókù alẹ́ náà dùn, àmọ́ kì í ṣe òun ni mo rántí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo fẹ́ kí ọmọ yín mọ̀, torí orin Yorùbá ni ẹ ní ó fẹ́ fun. A ń fun fèrè níbi ìsìnkú àgbà kan ní Ìdó, lẹ́yìn tí àwọn alápíìrì, àwọn tó ń ṣe orin ìbílẹ̀ Èkìtì, ti ṣe tiwọn tán. (Bó bá rí àwọn alápíìrì, kó wo àwọn tó ń mi agbè. Wọn kì í wo ọwọ́ ara wọn, ẹni tó ń dá orin ni wọ́n ń wò.) Mo ti mọ̀ ọ́n fun dáadáa nígbà yẹn, mo wá ń fi ẹ̀ṣọ́ sí orin, mo ń gun òkè níbi tí kò yẹ, mo ń sọ̀ níbi tó wù mí. Wọ́n ń náwó fún mi. Ẹnì kan lẹ owó mọ́ mi níwájú orí nígbà tí mo wà láàárín ohùn gígùn kan, òógùn ti jẹ́ kí owó náà yọ̀ bọ́ sí imú mi, mo ń fun un, mo ń fẹ́ ẹ kúrò. Mo rò pé mo ti ṣe é re. Ìyá arúgbó kan ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́: “Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí o fi fèrè sọ kọ́ ni orin yẹn wí.”

Ó kọ́kọ́ bí mi nínú. Nígbà tí mo délé tí mo fi ẹnu kọ ọ́ bí mo ṣe fun ún ni ó yé mi. Ọ̀rọ̀ wa ní dò, ó ní re, ó ní mí. Ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, bí ẹ bá gbé ìparí rẹ̀ sókè, ó di ọkọ́ tí a fi ń ro oko. Bí ẹ bá sọ ọ́ sísàlẹ̀, ó di ọkọ̀ tí a wọ̀ lọ Ìkẹ́rẹ́. Onígángan ò lè ṣe irú àṣìṣe yẹn, wọ́n á gba ìlù lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa onífèrè rò pé a ò lọ́rọ̀ lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ẹni tó mọ orin ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí fèrè. T. K. Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, tó jẹ́ onídùùrù Kàtídírà ìlú Èkó láti 1914 di 1962, jà lórí èyí fún àwọn akọrin, kí orin ìsìn má máa yí ọ̀rọ̀ Yorùbá po. Nítorí náà, kí ọmọ yín kọ ọ̀rọ̀ orin náà lẹ́nu kó tó fun ún, kó má sì fi ẹ̀ṣọ́ síbi tí ọ̀rọ̀ á ti yí.

Bó bá sì jẹ́ pé èdè Èkìtì ni wọ́n fi ń kọ ọ́ nílé yín, kó fun un bí ẹ ṣe ń kọ ọ́. Ọ̀gá akọrin wa máa ń bínú pé a ń pe “ilé” ní “ulé” nínú orin ìsìn. Ẹlẹ́mùrẹ̀ Ògúnyẹmí fi èdè Èkìtì kọrin, bàbá mi sì ń gbé àwo rẹ̀ sí i láràárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mi ò gbọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni ní kó yí i padà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ní ti ìkórè tó ń bọ̀: kó lọ bá onídùùrù lọ́sẹ̀ yìí, kó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ibi tí orin wà, kí wọ́n jọ ṣe é, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, nínú ṣọ́ọ̀ṣì gan-an. Lọ́jọ́ náà, oúnjẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kó jẹ. Kí iyán dúró dè é. Kó fi omi ṣan ẹnu, àkàrà inú fèrè kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Ọwọ́ rẹ̀ lè gbọ̀n o. Tèmi ṣì ń gbọ̀n. Kì í dé etí àwọn tó ń gbọ́.

Bàbá ní owó ọkọ̀ ò sí. Bó bá jẹ́ pé òun ló kù, mo wà ní Adó, mo sì ń lọ sí kọ́ńsáàtì yẹn fúnra mi. Ọ̀gá béńdì rẹ̀ lè kó wọn wá, ká jọ wọ ọkọ̀ kan. Kó tètè dé, kí àwọn afunfèrè má tíì jókòó. Bó bá ti kọjú sí wọn, apá òsì ni kó jókòó sí, nítòsí iwájú. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń tẹ pisitọ́ọ̀nù, ibẹ̀ ló ti máa rí ìka wọn.